Yíyan Ọkọ̀ Aṣajà fún Ilé Ìkẹ́rùsí

Ilé ìkẹ́rùsí kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń da ẹrù jọ sí. Ọjà tí ó wọ inú rẹ̀ kì í jáde bí ó ti wọlé. Ó lè wọlé ní ọgọ́rùn-ún páálí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá jáde, páálí méjì ni oníbàárà kan fẹ́, mẹ́rin ni èkejì béèrè fún, òmíràn kò sì fẹ́ ju ìgò oògùn kan lọ. Ẹnì kan ni yóò máa lọ láti pẹpẹ dé pẹpẹ tí yóò máa ṣà wọ́n jọ. Bí pẹpẹ kò bá ga ju orí ènìyàn lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó iṣẹ́ náà ṣe. Bí ó bá ga tó mítà 7 ńkọ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà dáhùn ìbéèrè yìí. Èkíní ni àkàbà. Àkàbà kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni ẹni tí ó gùn ún lè fi gbé ẹrù, nítorí pé èkejì ni ó fi di àkàbà mú. Èkejì ni pé kí ènìyàn dúró lórí pálẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ fọ́ọ̀kìlíìfù sì fi irin ẹnu ọkọ̀ rẹ̀ gbé e gòkè bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Àṣà burúkú gbáà ni èyí. Ẹni tí ó wà lókè kò ní ohun tí ó lè fi dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ kò sì rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lókè dáradára. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní order picker, èyí tí ó ṣe é pè ní ọkọ̀ aṣajà lédè Yorùbá.

Ní ti fọ́ọ̀kìlíìfù, ẹrù nìkan ni ó ń gòkè. Awakọ̀ jókòó sílẹ̀. Ní ti ọkọ̀ aṣajà, pèpéle tí awakọ̀ dúró lé ni ó ń gòkè pẹ̀lú ẹrù, ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ sì ń bá a gòkè. Òun ni awakọ̀, òun náà ni aṣajà. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí níláti máa rántí pé ènìyàn ni yóò máa gbé sókè, kì í ṣe páálí nìkan.

Gíga ni ohun tí àwọn olùtà máa ń kọ́kọ́ béèrè, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi gíga mẹ́ta ni ó wà. Ọ̀kan ni ibi tí pèpéle lè dé. Èkejì ni ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó dúró lórí pèpéle lè dé. Àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ náà sábà máa ń fi mítà 1.6 kún gíga pèpéle kí wọ́n tó kọ iye yìí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni gíga òpó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá. Ilé tí ọjà òkè rẹ̀ wà ní mítà 7 kò nílò pèpéle tí ó ń dé mítà 7, mítà 5.4 ti tó o. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò san owó òpó gígùn tí kò níí lò láé. Ẹni tí kò sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè rí i pé ọkọ̀ tí òun rà kò gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn gíga ni fífẹ̀ ọ̀nà tí ó wà láàrin pẹpẹ méjì. Fọ́ọ̀kìlíìfù ńlá nílò nǹkan bí i mítà 3.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè yí ojú padà sí pẹpẹ. Ọkọ̀ aṣajà kò nílò irú yíyí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni awakọ̀ ti ń na ọwọ́ mú ọjà. Ọ̀nà tí kò fi púpọ̀ ju mítà 1.5 lọ lè gba òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tóóró, wọ́n máa ń to irin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tàbí kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ yóò máa tọ̀, kí ó má baà kọlu pẹpẹ. Owó èyí kì í sí nínú iye tí wọ́n pe ọkọ̀.

Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé kì í dúró sójú kan. Èyí tí ó gbé kìlò 1,000 nílẹ̀ lè má lè gbé tó bẹ́ẹ̀ ní òkè téńté, nítorí pé bí ẹrù ti ń gòkè ni ọkọ̀ ń súnmọ́ àtiṣubú. Ara áwo irin tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti ka iye náà, kí wọ́n sì béèrè bóyá ìwọ̀n awakọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá wọn kìlò 80, tí pálẹ́ẹ̀tì onígi wọn 25, tí irinṣẹ́ sì wọn 5, kìlò 110 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan páálí.

Ilẹ̀ ilé náà ńkọ́? Bí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré rì ju èkejì lọ, tí mítà 1 sì wà láàrin àwọn méjèèjì, orí òpó tí ó ga ní mítà 7 yóò ti fi sẹ̀ǹtímítà 7 yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kòtò tí ẹlẹ́sẹ̀ kò kà sí ni yóò mi awakọ̀ jìgìjìgì lókè.

Bátìrì ni ó ń gbé ọkọ̀ yìí rìn. Kò ní èéfín, èyí sì dára fún ilé oúnjẹ àti ti oògùn. Bátìrì olójé ti àtijọ́ a máa fẹ́ wákàtí 8 fún iṣẹ́, 8 fún ṣíṣájì àti 8 fún títutù. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ṣájì rẹ̀, gáàsì haidirójìn tí ó lè gbiná ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà ó níláti wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bátìrì lítíọ́mù wọ́n ju èyí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣájì rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun, kò sì fẹ́ omi. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, ẹni tí kò bá ka owó dísù jẹnẹrétọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ kò tíì ṣírò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ó kù. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1998 lórí ohun èlò ìgbẹ́rùsókè pa á láṣẹ pé kí amòye yẹ ohunkóhun tí ó bá ń gbé ènìyàn sókè wò fínnífínní ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó kéré tán, àfi bí amòye bá ti ṣètò àyẹ̀wò mìíràn fún un. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fẹ́ kí wọ́n máa dán awakọ̀ wò, ó pẹ́ tán, ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbànú ààbò tí ó gba èjìká àti itan awakọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀. Síbẹ̀, ìgbànú kò parí iṣẹ́: ẹni tí ó bá jábọ́ tí ó sì rọ̀ dirodiro sórí okùn lè dákú láìpẹ́ bí wọn kò bá tètè sọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọwọ́ ìsọ̀kalẹ̀ pàjáwìrì wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kí wọ́n tó san owó, ó tọ́ kí awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ gun pèpéle náà dé òkè pátápátá, kí ẹlòmíràn tí ó wà nílẹ̀ fi ọwọ́ yìí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi aago ka ìṣẹ́jú tí ó gbà.