Ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè

Bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá ti dé, secrétariat la máa ń lọ láti tẹ faire-part. Ohun tí gbogbo wa sì máa ń fẹ́ ni lẹ́tà ẹlẹ́wà tó dà bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tó so mọ́ra bíi ti kàyé ilé-ìwé. Ìrísí lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà ni Faransé ń pè ní police (kì í ṣe ọlọ́pàá o!).

Ó dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya lẹ́tà wọ̀nyí, èdè Òyìnbó ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n á ya é àti è, wọn ò ní ya ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ bá wá tẹ ọ, kọ̀ǹpútà á lọ yá ti police mìíràn: lẹ́tà kan á dúró gbọnrangandan láàárín àwọn tó so mọ́ra. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á kúkú yọ àmì náà kúrò. "Ọkọ ìyàwó" á di "oko ìyàwó", bí ẹni pé oko la pe àwọn èèyàn wá ro. Onírun tó kọ "Ilé Ẹwà" sára pátákó ẹ̀, "Ile Ewa" ni yóò kù, ẹlòmíràn á sì wọlé wá béèrè ẹ̀wà. Bó bá wá jẹ́ orúkọ olóògbé ló bàjẹ́ báyìí, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ìwé yẹn làwọn ọmọ ẹ̀ máa tọ́jú.

Àwa tá à ń kọ Ifɛ̀ ti Tógò, tiwa tún le jù, torí ɛ, ɔ àti ŋ la fi ń kọ ọ́.

Èdè Vietnam, ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso nígbà kan, ń ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀. Àwọn náà ní ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀. Nítorí náà, police tí wọ́n bá yà tó gba èdè Vietnam máa ń ní méjèèjì. Dancing Script àti Pacifico wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí Google Fonts, ẹ sì lè fi wọ́n ṣòwò. Ṣùgbọ́n Vietnam ò ní ṣ, wọn kì í sì í fi ohùn sórí lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀ bíi tiwa. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìlà yìí sórí pépà: ẹ́ ọ̀ ṣ ɛ́ ɔ̀ ŋ. Ẹ wò ó bóyá ohùn wà lórí lẹ́tà gan-an àbí ó ti sá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Andika, tí àjọ SIL ṣe fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà, kò so mọ́ra, àmọ́ ó ní gbogbo lẹ́tà wa. Lójú tèmi, orúkọ tọkọtaya nìkan ni kẹ́ ẹ fi lẹ́tà ẹlẹ́wà kọ. Ẹ fi Andika kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ó ti ṣe é, kí àwọn àgbà lè rí i kà.

Bí ẹ bá sì máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ Word, kọ̀ǹpútà tí kò ní police yẹn á fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.