Àdàlù kúláǹtì nínú ọkọ̀

Àdàlù kúláǹtì ni dída oríṣi kúláǹtì kan lé òmíràn nínú ọkọ̀. Kúláǹtì jẹ́ omi tí a pò mọ́ ethylene glycol àti àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpáàrà ba irin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ jẹ́.

Àwọn èròjà wọ̀nyí ló yàtọ̀ síra. Silicate wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì àtijọ́; ásíìdì ọ̀gáníìkì ni irú tí a ń pè ní OAT ń lò. Dex-Cool, tí General Motors mú jáde ní àárín àwọn ọdún 1990, jẹ́ OAT.

Bí irú méjì bá dàpọ̀, ààbò wọn kì í pẹ́ mọ́. Silicate tún lè ki bí ògì tó ń di ẹ̀kọ, kí ó dí ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, gásíkẹ́ẹ̀tì lè jó, orí ẹ́ńjìnnì sì lè tẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ìlú Olúyọ̀lé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, ẹni tó rà á kì í sì í sábà mọ kúláǹtì tó wà nínú rẹ̀. Oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Challenge tàbí Ring Road a máa tètè tú àṣírí rédíétọ̀ tó ti dí.

Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí aró tó wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń lò. Ìwé ọkọ̀ ni a fi ń mọ irú tó yẹ. Bí ti inú ọkọ̀ kò bá dáni lójú, a ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, a ó da gbogbo rẹ̀ nù síbi tí ọmọdé àti ẹran ò ti lè tọ́ ọ wò, torí májèlé ni. A ó fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀, kí a tó rọ ẹyọ irú kan sí i.