Agbárí, Ère àti Pósítà Òkú: Òótọ́ Àbí Irọ́?

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Boundary l'Ajégúnlẹ̀ dé Wharf Road l'Àpápá, àwòrán ikú tí yóò rí lọ́nà kò ní kéré: agbárí lára ilé tíràńsífọ́mà, pósítà olóògbé lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ nípa wọn àti nípa àwòrán òkú yòókù kò lópin.

"Agbárí àti eegun méjì tó dábùú lára tíràńsífọ́mà, àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni."

Irọ́ ni. Ìkìlọ̀ ewu ni lára tíràńsífọ́mà. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń lò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yá a lò ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti wá. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà níbẹ̀ láàárín 1347 sí 1351 pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán Ikú bí eegun tó ń rìn wá gbòde kan. Nínú ìwé àwòrán Hans Holbein tí wọ́n tẹ̀ ní Lyon ní 1538, eegun wá mú póòpù, ó wá mú ọba, ó tún ń bá àgbẹ̀ da ẹṣin lóko. Ẹ má kàn wá agbárí lára táńkà bẹntiróòlù: iná tó ń jó ni àmì tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà 1203. Lára ọkọ̀ akẹ́rù, májèlé ló ni agbárí.

"Orí lásán làwọn ọ̀gá ayàwòrán Ítálì fi ń ro bí òkú ṣe rí."

Irọ́ gbuu! Ní December 1479, wọ́n yẹgi fún Bernardo Baroncelli nílùú Florence, torí pé ó wà lára àwọn tó pa Giuliano de' Medici. Leonardo da Vinci, tó jẹ́ ẹni ọdún 27 nígbà náà, yà á bó ṣe ń fì lórí okùn: orí tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ti dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó wá kọ aṣọ ọrùn òkú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bí ìwé télọ̀: fìlà, ẹ̀wù dúdú, kóòtù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi irun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ́ nínú. Kò kọ ọ̀rọ̀ àánú kankan. Nígbà tó wá dàgbà sí i, ó bá bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní ọsibítù Santa Maria Nuova. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí bàbá náà fi kú wọ́ọ́rọ́wọ́, ni Leonardo bá la òkú rẹ̀ láti wo ohun tó fà á.

"Ère ìbejì, àwòrán òkú ọmọ ọwọ́ ni."

Ààbọ̀ òótọ́ ni. Ìbejì tó kú ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún, lẹ́yìn tí Ifá bá ti fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọmú ti yọ láyà, irun dídì ga lórí, ilà wà lójú. Àgbàlagbà ni, bí ọmọ ọwọ́ tilẹ̀ ni olóògbé. Ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fún un lóúnjẹ, títí ojú àti imú ère yóò fi máa yọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Ibí yìí ni tiwa ti yà sí ti Leonardo: òun ya òkú bó ṣe kú, àwa ń gbẹ́ ẹ bó ṣe yẹ kó wà láyé.

"Pósítà tó fi bàbá ẹni ọdún 85 hàn bí ẹni 45, irọ́ ni wọ́n ń pa fún ará àdúgbò."

Èmi ò gbà. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n a gbẹ́ àkó, ère tó jọ olóògbé gan-an. Wọ́n a wọ̀ ọ́ láṣọ iyì, wọ́n a gbé e káàkiri ìlú nígbà ìsìnkú kejì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun kiri bí aláìsàn? Ọmọ tó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Ajégúnlẹ̀, tó ń so orí inú fọ́tò àtijọ́ mọ́ agbádá tuntun, iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe. Ní Ìlá Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, fọ́tògíráfà a tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí obìnrin ló lọ, tí ọkùnrin ló kù, wọ́n a wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin, wọ́n a tún un yà. Kò sì sí kọ̀ǹpútà nígbà náà o.