Ogbó Kọ́ Ni Iyè Rírà: Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Àgbà Ìbàdàn Kọ́ Ayé

Màmá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún fi iyọ̀ mìíràn sí i. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń béèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọkọ ọ̀hún ti kú láti bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ó jáde lọ ra ata ní ọjà tó ti ń ná láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti rí irú èyí rí, nílé yín tàbí ní àdúgbò. Ohun tí àwọn ará ilé sì máa ń sọ kì í ju méjì lọ. Àwọn kan á ní, "Ogbó ti dé, Màmá ti ń ṣarán." Àwọn mìíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ ní ìyá náà fúnra rẹ̀ ni àjẹ́, pé ó ti ń jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń mú kí á káwọ́ gbera, kí á má ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kejì ti mú kí wọ́n lé ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó jáde nílé, kí wọ́n sì fi ìyà jẹ wọ́n. Àwa rò pé ó yẹ kí á tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí pé ìlú Ìbàdàn wa níbí ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó la ojú ayé sí i ti wáyé.

Ìgbàgbé yàtọ̀ sí iyè rírà

Yorùbá mọ iyì iyè. Ẹni tí kì í tètè gbàgbé nǹkan, a ní ó níyè. Àwọn baba wa tilẹ̀ ní oògùn ìsọyè fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí iyè bá wá bàjẹ́, a ní ó rà, bí ìgbà tí igi tàbí èso bá rà.

Bí ènìyàn bá ń dàgbà, ọpọlọ kì í yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orúkọ ènìyàn lè fò lọ lórí ẹni, kó tó padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. A lè wá kọ́kọ́rọ́ títí, kó sì wà lápò ẹni. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Iyè rírà ni ti ẹni tí ìgbàgbé ń dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́: tó ń sọnù lójú ọ̀nà tó mọ̀ dáadáa, tí kò lè ka ṣéńjì mọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣòwò ló fi tọ́mọ, tó béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà tí ojúlùmọ̀ fi ń ní, "Ṣé ẹni tí mo mọ̀ nìyí?"

Oríṣiríṣi àìsàn ló ń fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Alois Alzheimer pè, dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906. Obìnrin tí dókítà náà yẹ̀ wò kì í ṣe arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ẹni ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló ti yẹ kó yé wa pé ogbó nìkan kọ́ ló ń fà á.

Bí ọpọlọ ṣe ń jẹun

Bí a bá gbé ọpọlọ lé òṣùwọ̀n, kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ. Ṣùgbọ́n nínú agbára tí ara ń rí láti inú oúnjẹ, nǹkan bí 20 nínú 100 ni ọpọlọ nìkan ń lò. Alájẹkì ni, kò sì ní àká tó pọ̀ tó lè kó oúnjẹ pa mọ́ sí. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ṣúgà àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú ọpọlọ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ju okùn ìránṣọ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú á máa lù ú lójoojúmọ́ títí yóò fi le, tí yóò sì fún. Àtọ̀gbẹ náà ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́, nítorí ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ iṣan. Nígbà mìíràn, apá kékeré kan nínú ọpọlọ á kú láìjẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ rọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Bí irú rẹ̀ bá wáyé léraléra, iyè á bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Oorun náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń rí àyè dáadáa láti gbá ìdọ̀tí tó kó jọ lójúmọmọ dànù. Lára ìdọ̀tí yìí ni èyí tó máa ń ṣù jọ nínú ọpọlọ ẹni tó ní àìsàn Alzheimer.

Gbogbo ìbàjẹ́ yìí kì í dúró di ọdún 70 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ló ti ń gbìn ohun tí yóò ká lọ́jọ́ alẹ́.

Ìdíkàn àti Indianapolis

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀. Lára wọn ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iyè rírà ṣe wọ́pọ̀ bákan náà láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, tí àwọn baba ńlá wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé jẹ́ ti èdè. Ọ̀pọ̀ ìdánwò iyè ìgbà náà, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò jókòó ní kíláàsì rí. Bí o bá ní kí irú wọn kọ gbólóhùn sílẹ̀, tí kò lè kọ ọ́, ṣé iyè rẹ̀ ló rà? Nítorí náà, wọ́n ṣe ìbéèrè tó bá àṣà àti èdè ibi méjèèjì mu. Wọ́n sì tún ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé bí àgbà náà ṣe ń ṣe sí lójoojúmọ́. Ojú ará ilé wá di irinṣẹ́ dókítà.

Àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, tí iyè wọn ṣì pé, ni wọ́n tọ́pinpin: 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis. Wọ́n padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún méjì àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2001, ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 32 ni iyè wọn ń rà lọ́dún kan ní Indianapolis. Ní Ìbàdàn, kò ju 13 tàbí 14 lọ.

Àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE4, tó máa ń mú kí ewu àìsàn Alzheimer pọ̀. Ó wà lára àwọn ará Ìbàdàn náà dáadáa, síbẹ̀ agbára rẹ̀ lára wọn kò tó nǹkan. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àwọn olùwádìí tọ́ka sí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré lọ́dọ̀ àwọn àgbà Ìbàdàn. Pé iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ìdí rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé àbùdá nìkan kọ́ ló ń kọ ìwé ọjọ́ alẹ́ ẹni.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé àwọn àgbà ìgbà náà ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́rìndòdò ti rọ́pò omi lórí tábìlì wa, ọ̀pọ̀ wa ló sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tilẹ̀ mọ̀. Àǹfààní tí àwọn àgbà Ìdíkàn ní, a lè fi ọwọ́ ara wa sọ ọ́ nù.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń fa iyè rírà, tí ó sì ṣeé ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, nǹkan bí 45 nínú 100 irú àìsàn yìí ni a lè dènà tàbí sún síwájú. Èyí tó kan ìdílé wa jù nìyí:

- Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, pàápàá láti ogójì ọdún sókè. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa lo oògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá.
- Ẹ máa rìn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbà tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ déédéé fún ọdún kan, apá ọpọlọ wọn tó wà fún ìrántí tóbi sí i díẹ̀, dípò kó máa sún kì.
- Ẹ tọ́jú etí. Àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa á máa yẹra fún ọ̀rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ní ríṣẹ́ ṣe tó. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni dókítà yóò yọ.
- Ẹ má fi àgbà sílẹ̀ lóun nìkan. Ìpàdé ẹgbẹ́, ayò ọlọ́pọ́n, àlọ́ pípa fún ọmọ-ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń mú un bá ènìyàn kẹ́gbẹ́.
- Ẹ jẹ́ kí oorun tó, kí sìgá àti ọtí àmujù sì kúrò nílé.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Kì í ṣe gbogbo ìdàrúdàpọ̀ iyè ni kò ní ìwòsàn. Àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn tó pọ̀ jù lára, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú agbárí lẹ́yìn tí àgbà ṣubú, gbogbo wọn lè fara jọ iyè rírà, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ọ̀rọ̀ àgbà dàrú, ẹ má dúró rárá. Ó lè jẹ́ ibà, kòkòrò inú ìtọ̀, tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù. Ní UCH, Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú kan wà fún àwọn àgbà nìkan, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012.

Òótọ́ ni pé àìsàn Alzheimer kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà. Bí Màmá bá ń béèrè Bàbá tó ti kú, ẹ má bá a jiyàn, kí ẹ má sì tú u fọ́ lákọ̀tun lójoojúmọ́. Ẹ ní kó sọ ìtàn Bàbá fún yín. Ẹ fi oríkì rẹ̀ kí i. Ohun àtijọ́ ló sábà máa ń pẹ́ jù nínú iyè. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín mọ́ aṣọ rẹ̀, bó bá ṣìnà. Kí ẹ sì máa gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe láàárín ara yín, kó má di ẹrù ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu. Ìyá tó kọ́ wa ní orúkọ gbogbo nǹkan, bí ó bá wá gbàgbé orúkọ tiwa, àwa ni kí á máa rán an létí, lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú sùúrù.