Ìpẹ̀ta: Igi Ọ̀dàn Tí Ewé Rẹ̀ Jẹ́ Ẹ̀fọ́, Tí Gbòǹgbò Rẹ̀ Jẹ́ Májèlé

Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ àwọn ìyá eléwé-ọmọ lè gbọ́ òórùn kan tí yóò mú un rántí ìpara tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Gbòǹgbò ìpẹ̀ta ló sábà máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìjọra òórùn yìí kì í ṣe èèṣì, nítorí pé èròjà kan náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní methyl salicylate, ló wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ àti nínú gbòǹgbò igi náà. Ìbátan oògùn asípírìn ni èròjà ọ̀hún. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé láti ayébáyé ni àwọn àgbà ti ń fi ìpẹ̀ta wo orí fífọ́, ibà àti làkúrègbé. Àwọn Hausa tilẹ̀ ń pè é ní uwar magunguna, èyí tó túmọ̀ sí ìyá àwọn oògùn.

Igi ọ̀dàn ni ìpẹ̀ta. Ó ń hù láti Sẹ̀nẹ̀gàlì títí dé Sùdáànì, ó sì gba ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ dé Gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe igi ńlá. Òdòdó rẹ̀ elésè àlùkò rẹwà púpọ̀, ó sì ń ta sánsán. Èso rẹ̀ ní ìyẹ́ kan ṣoṣo, tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ìrísí ìyẹ́ yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ sọ igi náà ní Securidaca, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí àáké.

Ní àwọn ibì kan ní Áfíríkà, wọ́n máa ń já ewé rẹ̀ tútù, wọn a sì sè é jẹ bí ẹ̀fọ́. Wọ́n tún ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń fi fọ́nrán inú rẹ̀ ṣe okùn àti àwọ̀n ẹja.

Gbòǹgbò ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọdẹ ní ibòmíràn máa ń pò ó mọ́ oró tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọfà, àkọsílẹ̀ sì wà nípa àwọn ènìyàn tó ti kú nípasẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èròjà olóòórùn yẹn, saponin wà nínú rẹ̀, ohun tí ń hó bí ọṣẹ, tó sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ bí ó bá dé ibẹ̀. Ní ti methyl salicylate, bí ó bá jẹ́ ògidì, ṣíbí kékeré kan ṣoṣo, ìyẹn mílílítà 5, ju asípírìn 20 lọ ní agbára, ó sì lè pa ọmọdé. Òótọ́ ni pé gbòǹgbò kì í ṣe ògidì òróró. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wọn iye tó jáde sínú ìkòkò àgbo? Gbòǹgbò kan lè le ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ìkúnwọ́ ni òṣùwọ̀n. Èébì, etí tó ń hó àti mímí gúlegúle wà lára àmì pé èròjà yìí ti pọ̀ jù lára ènìyàn; ilé ìwòsàn ló kàn, láìfi falẹ̀. Ewu náà pọ̀ sí i fún ọmọdé, aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Májèlé yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ kan ní àríwá Gánà rí lò. Wọ́n ń lọ gbòǹgbò náà kúnná, wọ́n ń pò ó mọ́ ọkà àti ẹ̀wà inú àká kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò, wọ́n sì rí i pé òórùn methyl salicylate nìkan tó láti pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ohun tó pa kòkòrò lè ṣe ẹni tó fẹ́ jẹ ọkà náà ní ibi pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó já ewé kò pa igi, ṣùgbọ́n ẹni tó wú gbòǹgbò tán ti pa á. Inú igbó ni wọ́n ti ń wú èyí tó pọ̀ jù nínú ìpẹ̀ta tó ń dé ọjà, nítorí pé kóró rẹ̀ kì í tètè hù, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sì ń gbìn ín.