Èdè àti Orin: Àyẹ̀wò Ipa Tí Áyálàǹdì Kó Nínú Ìdíje Eurovision

Lẹ́ẹ̀meje ni orílẹ̀-èdè Áyálàǹdì ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje orin Eurovision. Ọdún 2023 ni Swídìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a dọ́gba. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Áyálàǹdì fi èdè abínibí rẹ̀ kọrin níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, orin náà kò sì rọ́wọ́ mú. Bí ohun méjèèjì yìí ṣe tan mọ́ ara wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé òfin ìdíje náà. Ní 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ilẹ̀ Yúróòpù dá a sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan a mú orin tuntun kan wá, àwọn yòókù a sì fún un ní máàkì. Ní 1965, ọdún tí Áyálàǹdì kọ́kọ́ kópa, Swídìn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin. Nígbà tí ó di 1966, wọ́n ṣòfin pé èdè orílẹ̀-èdè ẹni ni kí oníkálukú máa fi kọrin. Wọ́n yọ òfin náà kúrò ní 1973, wọ́n dá a padà ní 1977, wọ́n sì fagi lé e ní 1999.

Èwo wá ni èdè Áyálàǹdì? Ìwé òfin wọn ti 1937 sọ pé Gaeilge ni èdè àkọ́kọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìkejì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Gẹ̀ẹ́sì fi jọba lé wọn lórí. Nígbà tí àrùn sì run ànàmọ́ òyìnbó inú oko wọn ní 1845, ìyàn ńlá mú. Ó pa àwọn tálákà ìgbèríko tí ń sọ Gaeilge, ó sì lé ọ̀pọ̀ wọn dé Amẹ́ríkà. Lóde òní, àwọn tí ń kọ́ Gaeilge ní ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ púpọ̀ ju àwọn tí ń fi í pe ọmọ wá jẹun lọ. Nítorí náà, òfin tí ó de àwọn ẹlòmíràn kò de Áyálàǹdì: Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ní 1972, ní ìlú Edinburgh, Sandie Jones fi Gaeilge kọ orin tí a pè ní «Ceol an Ghrá». Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó gbà nínú àwọn méjìdínlógún. Lọ́dún kejì, Áyálàǹdì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ti Málítà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi èdè rẹ̀ kọrin ní 1971 àti 1972, ẹ̀yìn pátápátá ni ó wà lẹ́ẹ̀mejèèjì, nígbà tí ó padà wá ní 1975, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé wá. Ṣùgbọ́n kí a má tètè di ẹ̀bi ru èdè. Èdè Hébérù ni Ísírẹ́lì fi borí ní 1978 àti 1979, mélòó nínú àwọn tí ó fún un ní máàkì ni ó sì gbọ́ èdè náà?

Láti 1977 títí dé 1998, ìdíje méjìlélógún ni ó wáyé. Orin èdè Gẹ̀ẹ́sì borí nínú mẹ́jọ. Áyálàǹdì ni ó ni mẹ́fà nínú wọn: 1980, 1987, 1992, 1993, 1994 àti 1996. Òfin tí ìbá gbé èdè oníkálukú ró ni ó wá ṣàǹfààní fún ẹni tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ àǹfààní yìí kọ́ ni gbogbo àlàyé, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì alára ní i, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó sì fi borí láàárín àkókò náà. A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn akọrin-sílẹ̀. Johnny Logan borí ní 1980 àti 1987, òun náà ni ó kọ orin tí Linda Martin fi borí ní 1992. Brendan Graham ni ó kọ ti 1994 àti ti 1996.

Lójú tèmi, ohun tí ó jẹ́ ti Áyálàǹdì jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí kò sí lára orin tí a fún ní máàkì. Ní Dublin ní 1994, nígbà tí orin ìdíje parí, àwọn oníjó bọ́ sí orí ìtàgé fún bí ìṣẹ́jú méje. Ijó náà ni Riverdance. Bill Whelan ni ó kọ orin rẹ̀. Jean Butler àti Michael Flatley tí ó ṣíwájú ijó, ọmọ ìran Áyálàǹdì tí a bí sí Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Ní 1995 ó di eré orí ìtàgé, ó sì yí ayé ká.

Láti 1996, Áyálàǹdì kò tíì borí mọ́. Ní 2007, ẹgbẹ́ Dervish, àwọn ọ̀jáfáfá nínú orin ìbílẹ̀, fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin ní Helsinki, wọ́n sì gbẹ́yìn. Sẹ́bíà tí ó borí lọ́dún náà, èdè rẹ̀ ni ó fi kọrin. Pọtogí ti ń díje láti 1964 láìborí rí, kí Salvador Sobral tó fi èdè Pọtogí gba ipò kìn-ín-ní ní 2017. Áyálàǹdì kò dé àṣekágbá lọ́dún yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọrin.