Àwọsánmà Tí Ó Ga Jùlọ, àti Ohun Tí Àgbẹ̀ Lè Rí Kà Nínú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gbé ojú sókè ní àárín ìgbà òjò, ní ìlú bí Ìgbẹ́tì ní Òkè-Ògùn níbi tí àwọn òkè àpáta dúró ti ilé, yóò rí ohun kan tí ó yẹ fún ìyanu. Àwọsánmà ìsàlẹ̀, tí ó dúdú tí ó sì wúwo, ń bá ẹ̀fúùfù òkun lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá là láàrin wọn, yóò rí àwọsánmà mìíràn lókè réré, funfun àti fẹ́lẹ́, tí ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀fúùfù ńlá kan ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún, òun ni ó sì ń gbá wọn lọ.

Irú mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n sí. Apòògùn kan ní London, Luke Howard, ni ó fi orúkọ Látìnì sọ wọ́n ní ọdún 1802, a sì ń lò ó títí di òní. Èkíní ni cirrus, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ìdì irun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí òwú tí àwọn ìyá wa gbọ̀n, tí wọ́n sì ń fà á tín-ín-rín, ti mọ̀ ọ́n láìsí Látìnì. Èkejì ni cirrocumulus, wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Ẹ̀kẹta, cirrostratus, dàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta bo sánmà. Òbìrìkítí ìmọ́lẹ̀ a sì máa yí oòrùn tàbí òṣùpá ká nínú rẹ̀.

Yìnyín wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn. Ní ilẹ̀ olóoru, kìlómítà 6 sí 18 ni wọ́n ga, níbi tí omi ti sábà máa ń dì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oòrùn ilẹ̀ wa kò lè gbà bẹ́ẹ̀: òkè Kilimanjaro ní Tanzania kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, mítà 5,895 ni ó sì ga, síbẹ̀ yìnyín wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó bá já bọ́ láti inú cirrus yóò ti gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀. Àwọn àwọsánmà wọ̀nyí kò lè mú ewé kan tutù.

Kí ni a lè rí kà nínú wọn nígbà náà? Àwọn ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí pé bí òbìrìkítí bá yí òṣùpá ká, òjò kò ní pẹ́ dé. Lọ́dọ̀ wọn, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ti gun orí èyí tí ó tutù ni òjò wọn ti ń wá, àwọsánmà fẹ́lẹ́ a sì ṣáájú rẹ̀. Òjò tiwa kò tọ ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fi òbìrìkítí òṣùpá pinnu ọjọ́ tí ẹ ó gbin àgbàdo.

Àmì tiwa wà ní ìlà-oòrùn. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ń lọ, tí ẹ rí àwọsánmà tí ó ga bí ilé ìṣọ́, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú owú alágbẹ̀dẹ, tí etí rẹ̀ sì ń tàn síwájú bí òwú gbígbọ̀n, ìjì ni. Yìnyín ni orí pẹrẹsẹ náà, ọmọ ìyá àwọn tí a ti sọ. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ a máa rìn tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Bí ó bá wà ní kìlómítà 100, nǹkan bí wákàtí méjì ni ẹ ní, ó sì tó láti kó láfún tí a sá sórí àpáta. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í mira títí ẹ̀fúùfù tútù yóò fi gbé eruku dé.

Orí àpáta náà gan-an ni ewu pọ̀ sí. Ohun tí ó bá ga ju àwọn yòókù lọ ni mànàmáná sábà máa ń bá, ẹni tí ó bá sì dá dúró lórí àpáta gbalasa ni ó ga jù níbẹ̀. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ẹ fi láfún sílẹ̀, kí ẹ wọ inú ilé. Abẹ́ igi kì í ṣe ibi ìsádi, bẹ́ẹ̀ ni ahéré tí kò ní ògiri. Kí ìdajì wákàtí kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó jáde.

Lẹ́yìn ìjì, òjò wẹ́wẹ́ a tún máa rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kí ẹni tí ó ní àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí kò tíì gbẹ má ṣe dì í sínú àpò: bí ó bá bu, májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀, sísè kò sì lè mú un kúrò tán. Kí ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, títí oòrùn yóò fi yọ.